Bọ́tìnì Inú Bóníto

"Mabel! Mabel o! Nǹkan ti ṣẹlẹ̀! Wọ́n ti la ikùn Bóníto!"

Ọdún tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá s'Ékòó ni, nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, l'Ítà Fájì. Candido káfíńtà ló ń sáré gun àtẹ̀gùn bọ̀. Bóníto, ajá kékeré wọn, wà láyà ẹ̀, aṣọ funfun wé ikùn ajá yípo yípo.

Mabel ìyàwó ẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sógiri. Bó ṣe máa ń wà nìyẹn látìgbà tí òun náà ti ti ọsibítù dé, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un níkùn. Dókítà ní kó máa dìde, kó máa rìn. Ó ní òun ò lè, pé ojú ọgbẹ́ á já. Títílayọ̀ ọmọ wọn wá láti ilé ọkọ, ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó sunkún lọ. Wọ́n fi aṣọ bo máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀. Àwọn oníbàárà ti ń gbé aṣọ ọdún Àjíǹde wọn fún ẹlòmíì.

Mabel yíjú padà. "Kí ló ṣe é?"

"Ó gbé bọ́tìnì mì. Òyìnbó tó ń tọ́jú ẹran n'Íkòyí ló yọ ọ́. Òun rèé."

Candido fi bọ́tìnì dúdú kan lé e lọ́wọ́. Mabel yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Bóníto ń ju ìrù.

"Bọ́tìnì gidi ni," ló wí. "Kí wá ni òyìnbó sọ?"

"Ó ní kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ jù. Kó rìn láàárọ̀, kó rìn nírọ̀lẹ́. Kó máa jẹun gbígbóná. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan aṣọ ikùn ẹ̀ àfi èmi. Mabel, ìwọ nìkan ni ajá yìí ń gbọ́ tìẹ. Témi bá fà á, ìjà ló máa bá mi jà, ojú ọgbẹ́ á sì já."

Mabel wo ojú ajá náà. Ó ju bọ́tìnì sínú agolo abẹ́rẹ́ ẹ̀.

"Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín, Bàbá Títí," ló wí. Ó fẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dé. Mabel fi ọwọ́ kan di ikùn mú, ó fi ìkejì di ògiri mú, ajá ń fà á. Nígbà tó yá, wọ́n dé etí gọ́tà. Nígbà tó tún yá, wọ́n ń dé iwájú ilé Hàwáwù, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ta aṣọ lọ́jà Jankara. Hàwáwù ká ìró ẹ̀ sókè.

"Ìyá Títí, dá a dúró síbẹ̀ yẹn o! Mi ò ní tún àlùwàlá ṣe torí ajá. Ẹ wo èèyàn! Gbogbo wa bẹ̀ ẹ́, o ò dìde. Ajá dùbúlẹ̀, o dìde!"

"Ajá ò bẹ̀ mí," Mabel dá a lóhùn. "Wíwò ló ń wò mí."

Hàwáwù rẹ́rìn-ín, ó ju eegun kan látòkèèrè. Bóníto fò sókè, ó hán an.

"Yéè! Bóníto, ikùn ẹ!" Candido ké lójú fèrèsé ilé wọn.

Mabel bú sẹ́rìn-ín, ó tún yára di ikùn tiẹ̀ mú.

"Ajá wo ni wọ́n la nínú tó ń fò bíi tata?" Hàwáwù bi í.

"Oògùn òyìnbó ni," Mabel wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Candido á gbé ajá wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á pààrọ̀ aṣọ ikùn ẹ̀. Mabel ò sọ rí pé òun fẹ́ rí ojú ọgbẹ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Candido ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ kóòtù. Ó ní ooru mú.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" Hàwáwù pariwo. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ kóòtù lọ wo Ọbabìnrin nínú oòrùn ọ̀sán gangan! Bàbá Títí, ṣé ẹ ti tà á ni?"

Candido sáré kọjá.

Nígbà tó di Gúúdù Fúráìdè, Mabel fúnra ẹ̀ ló dúró ti iná tó ro fìréjọ̀n, ẹ̀wà olómi àgbọn tí wọ́n máa ń jẹ lọ́jọ́ náà. Ó bu ti Hàwáwù, ó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e lọ fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó ká aṣọ orí máṣíìnì. Àdúgbò gbọ́ ọ tó ń dún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ Àjíǹde, Candido tún fẹ́ jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì nìkan.

"Ooru yìí mà pọ̀ o," ló wí.

"Ẹ gbé kóòtù yẹn wá."

"Mabel..."

"Ẹ gbé e wá, Bàbá Títí. Aago ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dún."

Candido gbé e wá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo iwájú ẹ̀. Mabel gbé ọwọ́ náà kúrò.

Ó mú bọ́tìnì inú ajá látinú agolo abẹ́rẹ́, ó rán an sí àyè tó ṣófo níwájú kóòtù, láàárín àwọn mẹ́ta tó jọ ọ́, ó fi eyín já òwú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìdi nǹkan kan mú, ó tú aṣọ funfun kúrò níkùn Bóníto, níbi tí abẹ ò kàn rí, ó sì fi nu bọ́tìnì náà títí ó fi dán.