Láàrin Ẹṣin Méjì

“Ẹ so ó le sí i, Àǹtí. Mo ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀.”

Assuntina, ẹ̀gbọ́n ọkọ, fún ìborùn mọ́ ìyàwó ọ̀la lójú, ó ta á ní kókó méjì. “Ìyàwó wa, ọ̀la ni ìgbéyàwó, eré ọmọdé lo wá ń ṣe!”

Ẹ̀yìn wọn ni ẹnu ọ̀nà ààfin àtijọ́. Lọ́ọ̀ọ́kán, ní òdì kejì gbàgede ńlá kan, ère ẹṣin méjì dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ọmọ Napoli tí kò tíì fi aṣọ di ojú rí, kó gbìyànjú láti rìn gba àárín wọn kọjá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbàgede náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ lọ tààrà. Sabatino, ọkọ ìyàwó, ìdí ọkọ̀ ọlọ́pàá ló já sí lọ́jọ́ tirẹ̀.

“Sabatino! Bí mo bá kọjá, ọ̀la dúró. Bí mi ò bá kọjá, ká sún un síwájú.”

“Aláwàdà!” Sabatino bú sẹ́rìn-ín. “Máa rìn jàre.”

Ó ń rìn. Òkùnkùn biribiri ni lójú rẹ̀, ara rẹ̀ ò sì lélẹ̀. Gbogbo ìrètí rẹ̀ ni kí ilẹ̀ fà á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe ń fa gbogbo ayé.

Ariwo ayọ̀ sọ. Ó tú ìborùn: ẹṣin kan lọ́tùn-ún, ẹṣin kan lósì. Sabatino sáré dé, ó gbé e sókè.

“Màgòmágó ni mo ṣe,” ni ìyàwó ọ̀la wí. “Mò ń yọ́ ọ̀nà wò.”

“Irọ́!” Assuntina figbe ta. “Èmi tí mo so ó?”

Ìyàwó ọ̀la wo Sabatino lójú kòrókòró.

“Mò ń yọ́ ọ̀nà wò,” ló tún wí. “Ká sún un síwájú.”