Ẹni Tó Di Téèpù Mú

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìwọ tó ń jẹ gúgúrú, fún ẹnu ẹ nísinmi ná!

Wọ́n fẹ́ sọ kóòtù àtijọ́ ìlú wa di òtẹ́ẹ̀lì. Mọ́rẹ́nikẹ́ àti ọ̀gá ẹ̀, Bọ̀dá Oyèdèjì, ló ń wọn gbogbo ilé náà, tí wọ́n ń yà á sínú ìwé. Àtìmọ́lé ẹ̀yìn nìkan ló kù, àárọ̀ ọ̀la sì ni wọ́n máa wó o. Tí wọn ò bá wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́ yìí, ó lọ nìyẹn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Bọ̀dá mú orí téèpù wọ àtìmọ́lé. Mọ́rẹ́nikẹ́ dúró síbi àga adájọ́.

"Bọ̀dá, ẹ fà á!"

Téèpù kọ́kọ́ dẹ̀, ó wá le koko.

"Ẹ rọra o! Ṣé ẹja lẹ fi ìwọ̀ mú ni?"

Ó kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀ tán, ló bá fi ohùn adájọ́ ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹjọ́ parí! Kóòtù dá yín sílẹ̀, ẹ máa bọ̀ níta!"

Téèpù dẹ̀. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e.

"Bọ̀dá, ẹ gbé irin yẹn sílẹ̀ jàre!"

Ni Bọ̀dá Oyèdèjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà iwájú: "Tọ́ọ̀ṣì ni mo gba ẹ̀yìn jáde lọ mú, ta lo wá dá sílẹ̀?"