Ẹ̀rọ Tí Bàbá Fi Ń Wo Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ìyá pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó ń tún fóònù àti rédíò ṣe, pé kó wá wo ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti àárọ̀ ni kò ti gbé nọ́ńbà kankan jáde.

"Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi lánàá," ni ìyá wí bó ti ń ṣílẹ̀kùn yàrá. "Rọra o, bàbá rẹ ń sùn. Ó ní òun ò rí oorun sùn mọ́jú."

Ọmọ náà di ẹ̀rọ náà mọ́ bàbá rẹ̀ lápá, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà fẹ́ atẹ́gùn sínú, ó tú u sílẹ̀, kò sí nọ́ńbà. Ọmọ náà fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó sì fa aṣọ ìbora bò ó dáadáa.

"Ṣé bátìrì ni?"

"Ó lè jẹ́ bátìrì."

Ó jókòó sídìí fèrèsé, ó tú ìdí ẹ̀rọ náà. Bátìrì ò jò, irin tó dì í mú ò dípẹtà. Síbẹ̀, ó pààrọ̀ wọn, ó ní kí ìyá òun na apá. Nọ́ńbà yọ, ó ga.

"Ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn."

"Irọ́ ló ń pa, Màámi. Ẹ̀jẹ̀ yín kì í ga tó báyìí."

Ó tún un tú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yọ rọ́bà tí atẹ́gùn ń gbà, ó yọ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, ó ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ tó o máa ń tú rédíò, tí wàá sì tò ó pa dà kí n tó fọ abọ́ tán," ni ìyá wí. "Àbí ìwọ náà ti ń darúgbó?"

"Èyí le díẹ̀ ni."

Síkúrù kékeré kan bọ́ sílẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ láti wá a, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti fẹsẹ̀ tì í sábẹ́ àga.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màámi. Màá wá a."

"Jẹ́ kí n kúkú pe dókítà, kó gbé tirẹ̀ wá. Ọkàn mi ò balẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí èyí ná."

Ìyá lọ bá ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, ó ní òtútù ń mú un, ó sì pa fèrèsé dé.

"Má kánjú," ó ní. "Ṣe é kó dáa."

Kí ọmọ náà tó tú síkúrù àkọ́kọ́ ló ti mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí òun ò bá tíì tò ó pa dà, ìyá òun ò tíì di opó.