Ètò Tó Mọ Oríkì Rẹ̀

Láràárọ̀, ètò kọ̀ǹpútà tí Adégòkè fi èdè Java kọ kó tó kú ló ń fi ohùn Adégòkè fúnra rẹ̀ jábọ̀ fún Fadékẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ńlá tí ètò náà ń darí, èyí tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, ẹ̀rọ ò gbóná. Ṣé o ti jẹun?"

Ṣùgbọ́n òfin tuntun ti dé: ètò tó ń fi ohùn òkú sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ darí ẹ̀rọ mọ́.

"Ẹ má bínú, mà," ni Bánjọ, ọ̀gá ẹ̀ka, wí. "Ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ máa pa ètò náà."

"Olówó orí mi, mo ti jẹun," ni Fadékẹ́mi dá ètò náà lóhùn. Irọ́ ló pa. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ètò tuntun fi ohùn àjèjì gbaṣẹ́. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ̀rọ ò gbóná. Kí lorúkọ yín?"

"Fadékẹ́mi," ló dáhùn. Àbẹ̀kẹ́ ti bá ọkọ rẹ̀ lọ.