Dúrọ́ọ̀ Mẹ́ta Lẹ́yìn Píkọ́ọ̀pù

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa ire.

Káfíńtà kan ń kan dúrọ́ọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òun àtìyàwó rẹ̀ fẹ́ lọ pàgọ́ lórí òkè. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Ó fa dúrọ́ọ̀ jáde, ó tì í wọlé, ó tún fà á.

Okùn ló fi ṣe ọwọ́ dúrọ́ọ̀ oúnjẹ, awọ ni ti aṣọ, igi ni ti ìkòkò.

Ó wá dijú, ó ń fọwọ́ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aládùúgbò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Káfíńtà, ṣé àdúrà lò ń gbà fún pákó ni?"

"Fi mí sílẹ̀, jàre. Ọjọ́ Ẹtì ti dé tán."

Ìyàwó rẹ̀ jáde sí i. "Baálé mi, òkè ò kúkú ní sá lọ. Ẹ jẹ́ ká sún ìrìn-àjò yìí sí ọdún tó ń bọ̀."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọdún tó ń bọ̀ ti pẹ́ jù."

"Kí ló dé?"

Káfíńtà tún ń fọwọ́ wá dúrọ́ọ̀ oúnjẹ. Ó ṣì dijú.

Ìyàwó rẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò ara rẹ̀.

"Mo ti rí ìwé dókítà ojú nínú àpótí irinṣẹ́ yín. Ó ní ẹ ò ní ríran mọ́ kọ́dún tó parí. Mo kàn ń dúró kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ ni. Mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Èmi ni màá fi ọkọ̀ gbé wa lọ."

Káfíńtà lajú.

Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Ó wò ó pẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ọ̀nà bá ṣókùnkùn, ẹ kò ní wá ọwọ́ tí ẹ máa dì mú tì. Àmín.