Ọ̀nà Tó Ń Dágbére

Ohùn Ìbídùnní ni ọ̀nà tuntun náà ń lò. Àwọn ẹnjiníà tó ń ṣèwádìí ojú ọ̀nà ló gbà á sílẹ̀, kí ọ̀dà tí wọ́n fi tẹ́ ẹ lè máa bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní géètì tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Ọ̀nà á wo táyà, á wo ojú awakọ̀ bóyá oorun wà níbẹ̀, á ní, "Ó dàbọ̀," ọ̀pá tó dínà á sì gbéra. Kì í dá ẹnikẹ́ni dúró; ó kàn ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún àwọn ẹnjiníà ni.

Láàárọ̀ yìí, Ìbídùnní wà lẹ́nu iṣẹ́ ní géètì nígbà tí Akínwándé, àbúrò rẹ̀, wa tírélà dé.

"Ó dàrìnnàkò," ni ọ̀nà wí.

Akínwándé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yín ti ya wèrè! Ṣebí òkú là ń kí báyẹn?"

Ìbídùnní ò rẹ́rìn-ín. Kò ka ọ̀rọ̀ yẹn sínú ẹ̀rọ rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ti ẹnu rẹ̀ jáde, lórí ọ̀nà yìí kan náà, lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀ ti òkú ọkọ rẹ̀. Ọ̀nà ti gbọ́ ọ.

"Wándé, sọ̀kalẹ̀!"

Ṣùgbọ́n ọ̀pá ti gbéra, tírélà ti kọjá. Láti inú ọ̀dà ni ohùn òun fúnra rẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Ó di ojú àlá."