Bẹ́líìtì Èémí Olóyè

Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú ni ẹ̀rọ máa ń fi omi iyọ̀ fọ ẹ̀dọ̀fóró ọkọ mi, Akínṣọ̀wọ́n, ní pálọ̀ wa. Omi náà á wọlé mímọ́ gaara, á jáde ní funfun bí omi ògì. Eruku òkúta ló kó àìsàn sí i láyà.

Olóyè Dáwódù, tó ni ibi tí ọkọ mi ti ń fọ́ òkúta, jókòó tì í láàárọ̀ òní. Òfin ló ní kí ọ̀gá wá tọ́ ìyà tí iṣẹ́ rẹ̀ fi jẹ òṣìṣẹ́ wò. Mo de bẹ́líìtì tó ń fún èémí mọ́ ọn láyà, kó lè máa mí bí ọkọ mi ṣe ń mí kí wọ́n tó fọ̀ ọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Olóyè. Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ó la ẹnu, kò rí ohùn. Ètè rẹ̀ ń ṣú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ mi ṣe dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí Olóyè kí i, tí ọkọ mi kò rí èémí dáhùn. Olóyè ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ó sì lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ẹ̀rọ bi ọkọ mi pé: "Bàbá, ṣé ká tú bẹ́líìtì Olóyè?"

Akínṣọ̀wọ́n, tí wọ́n ti fọ̀ tán, mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dá ìyàwó mi lóhùn. Ẹ̀kọ́ ilé ṣe pàtàkì."

Mo bá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè: "Ẹ káàárọ̀, Olóyè."